Bàtà ni kó o kọ́kọ́ rà, pátákó ṣì lè dúró

Àbúrò, mo ti ka ìbéèrè rẹ. O ní ọdún kejì rẹ rèé ní Calgary, pé ìgbà òtútù tó kọjá lo bẹ̀rẹ̀ snowboard, pátákó tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, o sì rí àwọn kan lórí òkè Nakiska tí wọ́n ń dà sórí yìnyín títí ọwọ́ wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, tí pátákó wọn ń fa ìlà tín-ín-rín sílẹ̀ lẹ́yìn wọn bí ìgbà tí wọ́n fi okùn gé mọ́ínmọ́ín. Carving ni wọ́n ń pè é. O fẹ́ mọ irú pátákó wọn kó o lè rà á nígbà tí owó ọjà bá wálẹ̀ ní oṣù kẹrin. O tún ní o ń bọ̀ wá tọ́jú màmá ní Òṣogbo láti oṣù karùn-ún di oṣù kẹwàá, ẹ̀rù sì ń bà ọ́ pé ẹsẹ̀ rẹ á ti gbàgbé gbogbo ẹ̀ kó o tó padà.

Ọmọ Òròkí bíi tìẹ lèmi náà. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń wa ọkọ̀ tó ń kó yìnyín kúrò lójú títì ní Calgary lóru, láti oṣù kọkànlá di oṣù kẹrin. Bí yìnyín bá ti tán, iṣẹ́ tán nìyẹn, màá wálé wá dúró ti yáàdì búlọ́ọ̀kù mi lọ́nà Ìlobù. Oṣù mẹ́fà gbáko lọ́dọọdún ni mo fi ń wà láìrí yìnyín, àyàfi èyí tó wà nínú fíríìjì oníkóòkì. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, owó àti orúnkún ni mo fi kọ́ ọ.

Pátákó lèmi náà kọ́kọ́ rà. Mo rí ọ̀kan tó gùn tó sẹ̀ntímítà 185, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń dán. Ẹni tó ń tà á ní irú rẹ̀ làwọn tó ń sáré parallel giant slalom (eré ìje ẹni méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láàárín òpó) ní Òlíńpíìkì ń gùn. Irọ́ kọ́ ló pa. Ohun tó fi sínú ni pé pátákó àwọn onísáré kì í yí fún ẹni tí ò bá tíì lè sáré. Gbé pátákó èyíkéyìí dúró, wò ó dáadáa, wàá rí i pé ìbàdí rẹ̀ fún ju orí àti ìdí rẹ̀ lọ. Ká ní o tẹ̀lé bí ẹ̀gbẹ́ yẹn ṣe tẹ̀, o wá fà á yípo títí tó fi di òbìrí, láti àárín òbìrí yẹn dé etí rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní radius. Ti pátákó tí wọ́n fi ń yá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lè má ju mítà méje tàbí mẹ́jọ lọ. Tèmi ju mítà ogún lọ. Bó o bá ṣe ń dà á sórí etí irin rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni òbìrí yẹn á máa kéré sí i, ṣùgbọ́n ẹni tí ò bá tíì mọ̀ ọ́n dà, gbọọrọ ni yóò máa lọ bí ọkọ̀ ojú irin. Lórí òkè kékeré tó wà ní WinSport nínú ìlú, níbi tí wọ́n ti fo síkì nínú Òlíńpíìkì 1988, n kì í tíì yí lẹ́ẹ̀mejì tí òkè fi ń tán. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà ń kọjá lára mi.

Ìdí tí irú pátákó bẹ́ẹ̀ fi tẹ́ẹ́rẹ́ náà wà. Ìbàdí èyí tó ò ń gùn báyìí á tó sẹ̀ntímítà 25. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá tóbi díẹ̀, tó o sì dúró ní ìbúbú, orí bàtà àti gìgísẹ̀ á yọ síta. Bó o bá wá dà dáadáa, orí bàtà yẹn ló máa kọ́kọ́ kan yìnyín, á gbé etí irin kúrò nílẹ̀, wàá kàn bára ẹ nílẹ̀ ni, o ò ní mọ ẹni tó tì ẹ́. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe ti carving ní sẹ̀ntímítà 18 sí 21, tí ẹsẹ̀ méjèèjì á kọjú síwájú ní bíi dígírì 55 sí 65. Bí ẹsẹ̀ bá sì ti kọjú síwájú tó bẹ́ẹ̀, bàtà rírọ̀ ò lè gbé agbára dé etí irin mọ́. Ibẹ̀ ni bàtà líle, tó jọ ti síkì, ti wọlé.

Ṣùgbọ́n má tíì débẹ̀. Pátákó tó o ní yẹn, yí ìdè ẹsẹ̀ iwájú, ohun tó de bàtà mọ́ pátákó, sí bíi dígírì 30, kí tẹ̀yìn wà ní bíi 15, kí méjèèjì kọjú síwájú. Ra bàtà rírọ̀ tó le díẹ̀ ju èyí tó o ní lọ, tó bá ẹsẹ̀ rẹ mu gan-an. Fi ìyẹn gé yìnyín fún odidi ìgbà òtútù kan. Bí ìlà tó o bá ń fà bá ti tín-ín-rín lápá ọmọ ìka ẹsẹ̀ àti lápá gìgísẹ̀, a jọ lè wá sọ̀rọ̀ bàtà líle.

Nígbà tó o bá fẹ́ rà á, sẹ̀ntímítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Fi ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ti ògiri, wọn ẹsẹ̀ rẹ dé orí ìka tó gùn jù. Ẹsẹ̀ tèmi jẹ́ 27. Mo ra 28.5, torí mo rò pé màá wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì tó nípọn, bí ìyá wa ṣe máa ń ra bàtà ọdún tó máa tó ọdún mẹ́ta fún wa. Ẹsẹ̀ mi ń jó nínú rẹ̀. Mo yí, bàtà yí, pátákó dúró síbi tó wà. Èékánná ẹsẹ̀ mi méjèèjì tó tóbi dúdú, wọ́n sì re. Bí wọ́n ṣe ń dán an wò ni pé kó o yọ tìmùtìmù inú rẹ̀ jáde, ki ẹsẹ̀ bọ ìgò ìta, ìyẹn ike líle tó bo bàtà, nìkan, jẹ́ kí ìka kan iwájú, kó o wá wo ẹ̀yìn: bí ìka ọwọ́ kan sí méjì bá gbà níbẹ̀, ó dáa. Bó bá gba ìka mẹ́ta, dá a padà.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì tí mo rà, àlòkù ni, 250 dọ́là. Ó ń dán, kò ní ìpalára kankan lára. N ò béèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Ọjọ́ kẹta tí mo wọ̀ ọ́, atẹ́gùn gbígbóná tí wọ́n ń pè ní Chinook ti fẹ́ lálẹ́, gbogbo ilẹ̀ yọ́ tán ó tún dì gbagidi. Mo ń dà sápá gìgísẹ̀ ni mo gbọ́ "kà!" bí ìgbà tí abọ́ bá já bọ́. Ìgò bàtà ti là láti ọrùn ẹsẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ègé rẹ̀ kan tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ wà lórí yìnyín níwájú mi. Mo mú un, mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó tún ṣẹ́ bí gúgúrú. Irú rọ́bà yẹn ń gbó láti inú wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú páálí ló wà. Má ra èyí tó bá ti tó ọdún mẹ́wàá, bó ti wù kó dán tó. Ẹsẹ̀ kan ni mo fi sọ̀kalẹ̀, tí ẹsẹ̀ kejì wà nínú ìbọ̀sẹ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ Òṣogbo.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo wálé, eré ni mo ń sá. Láràárọ̀, láti Ọláìyá gòkè lọ sí Òkè-Fìà, mo sì tún padà. Inú mi dùn, mo rò pé ẹsẹ̀ mi ti di irin. (Iyán tí mò ń jẹ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.) Nígbà tí mo padà dé Nakiska, ìgbà kẹta tí mo sọ̀kalẹ̀, itan mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí ẹni da ata sí i. Ìgbà kẹrin, orúnkún ò gbé mi mọ́, mo ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, okùn inú orúnkún fà, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi tiro. Eré sísá ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ sinmi ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ní carving, wàá tẹ orúnkún, wàá sì dúró bẹ́ẹ̀, nígbà tí ìyípo yẹn á máa fi ẹrù lé ẹ lórí. Bí o bá nàró, etí irin á tú. Ohun tó yẹ kí ẹsẹ̀ kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń dúró ní títẹ̀ lábẹ́ ẹrù.

Olùkọ́ tó kọ́ wa ní kíláàsì karùn-ún ti mọ oògùn rẹ̀ tipẹ́. Ṣé o rántí "angle 90"? Kó o jókòó lórí afẹ́fẹ́, ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí pàṣán máa dúró de ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣubú. Ohun tí mò ń ṣe nìyẹn báyìí, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹ̀yìn mi á wà lára ògiri yáàdì. Ìṣẹ́jú àáyá 40 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ti dé ìṣẹ́jú méjì, mo sì ń ṣe ti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ iléèwé tó ń gba iwájú wa kọjá dúró lọ́jọ́ kan, ọ̀kan bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, ta lẹ ṣẹ̀?" Èkejì dá a lóhùn: "Wọ́n pẹ́ dé ni."

Mo tún ń lo búlọ́ọ̀kù oníínṣì mẹ́sàn-án. Màá dúró lórí rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan, màá máa sọ ẹsẹ̀ kejì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí n ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin kí gìgísẹ̀ tó kan ilẹ̀. Sísọ̀kalẹ̀ yẹn ni iṣẹ́, gígòkè kì í ṣe nǹkan kan. Mẹ́jọ mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí orúnkún bá ń wọ inú, dín in kù. Ìyẹn ló tún orúnkún mi ṣe ju gbogbo àdó ìpara tí mo rà lọ.

Ní ti ìdúróṣinṣin, káfíńtà gé pákó fún mi, mo gbé e lé páìpù PVC oníínṣì mẹ́rin, mo wá dúró lórí rẹ̀, ó ń yí sọ́tùn-ún sósì. Ọjọ́ kejì, páìpù là mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo bá da kankéré kún inú òmíràn, mo jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyẹn wà di òní. Kan igi pẹlẹbẹ kan sí orí méjèèjì pákó nísàlẹ̀, kó má bàa sá jáde lórí páìpù. Bí o bá sì ń rẹ́rìn-ín pé pákó kan lásán ni mò ń pè ní ìdánrawò, Seun Adigun, tó sáré hurdles fún Nàìjíríà ní London ní 2012, igi ló fi kan ọkọ̀ bobsled (ọkọ̀ tó ń yọ̀ lórí yìnyín) tó fi bẹ̀rẹ̀ ní Houston. Òun, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga, pẹ̀lú Simidele Adeagbo tó ṣe skeleton (eré dídojúbolẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín), ni Nàìjíríà fi kọ́kọ́ dé Òlíńpíìkì ìgbà òtútù, ní PyeongChang ní 2018.

Skateboard gígùn tún dáa, bí o bá ti rí títì tó dán. Àárọ̀ ọjọ́ Sunday ni tèmi, kí àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì tó jáde. Wọ ìbọ̀wọ́ tó ń dáàbò bo ọrùn ọwọ́. Yanrìn díẹ̀ báyìí tó tú sílẹ̀ lẹ́yìn típà, táyà kékeré yẹn dúró lójijì, èmi ò dúró. Àpá rẹ̀ wà ní ìgbọ̀nwọ́ mi.

Èyí tí mo gbádùn jù, o lè má gbà á gbọ́, ijó bàtá ni. Mo máa ń lọ sí Ẹrin-Ọ̀ṣun ní ọjọ́ Saturday lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ. Wákàtí kan lórí ìtẹ̀ orúnkún, láìnàró, kí ejìká máa dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́, bàbá yẹn wò mí títí, ó ní ìdí mi ń yọ sẹ́yìn bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, kí n jẹ́ kí orúnkún ṣiṣẹ́, kí àyà kọjú síbi tí mò ń lọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ di mọ́ ọn. Ohun tó ń ba ìyípo apá gìgísẹ̀ mi jẹ́ láti ọdún mẹ́ta nìyẹn: mo ń jókòó bí ẹni wà ní ṣáláńgá, pátákó á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá dípò kó gé.

O béèrè bóyá kó o gbé pátákó bọ̀. Má gbé e. Mo gbé tèmi bọ̀ lọ́dún kan. Nígbà tí òjò oṣù keje fi máa dá, etí irin ti dógùn-ún láti orí dé ìdí. Mo fẹ́ fi ìda bo ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò síná, mo fi áyọ̀ọ̀nù elédùú yọ́ àbẹ́là sí i, mo sì jó ìsàlẹ̀ náà níbi méjì. Mo tún fi í yọ̀ láti orí òkìtì yanrìn yáàdì láti dá àwọn òṣìṣẹ́ mi lára yá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ní Calgary láti tún un ṣe, n ò tíì sọ fún ìyàwó mi.

Kó o tó wá, tú ìdè ẹsẹ̀ kúrò, nu etí irin gbẹ, da ìda gbígbóná bo ìsàlẹ̀ àti etí irin, má sì ha á kúrò títí wàá fi padà. Bí ìda bá ń rú èéfín, iná ti pọ̀ jù. Yọ tìmùtìmù bàtà kó gbẹ, dá a padà sínú, de okùn rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kó má bàa wọ́, kó gbogbo ẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilé ọ̀rẹ́ kan tó tutù, tó gbẹ. Ara rẹ nìkan ni kó o gbé wá. Bó o bá ti dé, tí màmá bá ti gbádùn díẹ̀, wá sí yáàdì lálẹ́ lẹ́yìn agogo márùn-ún. Páìpù oníkankéré yẹn wà lẹ́yìn ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù, ṣùgbọ́n pákó rẹ̀ ti ń là, wàá bá mi wá káfíńtà.