Ìbéèrè ọmọ mi lórí òmìnira Amẹ́ríkà: èwo ni ti ọba nínú rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Wọ́n ní kí ọmọ mi ṣàlàyé bí ìpínlẹ̀ 13 ṣe yapa kúrò lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ló ń bu owó orí, kí ló dé tí wọ́n fi ń bá ọba jà? Ó tún ń bi mí bóyá ọjọ́ 4 oṣù Keje ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìkéde òmìnira náà.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ti ọba yẹn ni kó kọ́kọ́ mú, òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Nígbà òfin owó òǹtẹ̀ (Stamp Act), ìyẹn owó orí lórí ìwé, ní 1765, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìgbìmọ̀ tí àwọn kò ní aṣojú nínú rẹ̀ kò lè bu owó orí fún àwọn. Nígbà tó fi di 1776, wọ́n ní ìgbìmọ̀ náà kò láṣẹ kankan lórí àwọn rárá. Ọba nìkan ló so àwọn mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Okùn kan ṣoṣo ló wá kù láti já. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi di ẹ̀sùn 27 ru George Kẹta, tí wọn kò sì dárúkọ ilé ìgbìmọ̀. Wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ ní oṣù Keje 1775; kò gba ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn, ó kéde wọn ní ọlọ̀tẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà 1776, Richard Henry Lee láti Virginia dá àbá òmìnira níwájú Congress, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ náà. Àwọn aṣojú kan kò tíì gba àṣẹ láti ilé, ni wọ́n bá sún ìbò síwájú, wọ́n sì yan ènìyàn márùn-ún láti kọ ìwé. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje, ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án gbà; Pennsylvania àti South Carolina kọ̀, aṣojú méjì Delaware kò fohùn ṣọ̀kan, New York kò dìbò. Lọ́jọ́ kejì, Caesar Rodney, aṣojú Delaware kẹta, gẹṣin dé kí ìbò Delaware lè bọ́ sí ìhà òmìnira, South Carolina yí ohùn padà, méjì nínú àwọn aṣojú Pennsylvania tó ń takò ó sì yẹra fún ìbò náà. Ó di ìpínlẹ̀ 12 tó gbà, ẹnikẹ́ni kò sì takò ó. Ọjọ́ 2 nìyẹn o! Ọjọ́ 4 ni wọ́n fara mọ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé; ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fọwọ́ sí i.

Kó má fo èyí: Thomas Jefferson, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà, tó kọ ìwé náà, kọ ẹ̀sùn òwò ẹrú mọ́ ọba lẹ́sẹ̀, àwọn aṣojú yọ ọ́ kúrò. Òun alára sì ní ẹrú.

Bó bá fẹ́ lẹ àwòrán tí John Trumbull yà nípa ìwé náà mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, kó má kọ “ìfọwọ́sí” sábẹ́ rẹ̀. Àwọn márùn-ún tó ń gbé ìwé kalẹ̀ fún Congress ló wà níbẹ̀.