Rẹ́sìn tó dì kó tó dé ìdajì pánẹ́ẹ̀lì

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ: pánẹ́ẹ̀lì fáíbà, mítà 2 sí mítà 1, o fi ọ̀rá bò ó, o fi páǹpù fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kó lè fa rẹ́sìn (oje epoxy tó ń dì, tó ń so fáíbà pọ̀) wọlé. Rẹ́sìn rìn dé ìdajì, ó dì, fáíbà tó kù gbẹ bí òwú. O wá ń béèrè bóyá kí o lọ ra epoxy tó lágbára jù ú lọ. Má tíì rà á. Àkókò ló tán mọ́ ọ lọ́wọ́.

Mo ti jẹ ìyà yìí rí. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Iléṣà, oṣù Kejì, ọ̀sán gangan, mo po kílò 3 sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ẹni tó tà á fún mi ní mo ní ìṣẹ́jú 40 kó tó dì. Kò tó ìṣẹ́jú 15 tí bọ́kẹ́ẹ̀tì fi ń rú èéfín, tí ike rẹ̀ ń yọ́. Fáíbà, ọ̀rá, àpò, gbogbo ohun tí mo ti náwó lé ló lọ. Mo jókòó sílẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára agolo, rẹ́sìn díẹ̀, bíi 100 gíráàmù, ni wọ́n sábà máa ń fi wọ̀n ọ́n, ní 25°C. Abẹ́ páánù wa nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bí ooru bá fi nǹkan bí 10°C lé, àkókò rẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí ìdajì. Epoxy tó bá sì pọ̀ lójú kan, fúnra rẹ̀ ló ń gbóná sí i.

Èyí tí wọ́n ṣe fún infusion, ìyẹn fífi páǹpù fa rẹ́sìn wọlé bí o ṣe ń ṣe yìí, ni kí o wá, pẹ̀lú háádínà (èyí tí à ń pò mọ́ ọn kó lè dì) tó lọ́ra. Wo viscosity, ìyẹn bó ṣe ki tó, nínú ìwé rẹ̀: mi ò kì í kọjá 500 mPa·s. Má sì dín háádínà kù nítorí kó lè pẹ́ o! Polyester, irú rẹ́sìn mìíràn, ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ti epoxy, bí ìwé bá ní rẹ́sìn 100 sí háádínà 30, fi síkéèlì wọ̀n ọ́n gẹ́lẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì á máa rọ̀ títí lọ.

Tún ọ̀nà rẹ́sìn tò pẹ̀lú. Bó bá fi ìṣẹ́jú 3 rin 30 cm, ìṣẹ́jú 12 ni yóò fi dé 60 cm. Bó ṣe ń jìnnà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wúwo. Jẹ́ kó gba àárín gbùngbùn wọlé, kó ṣàn lọ sọ́tùn-ún sósì.

Ìdájí ni mo ń ṣe é báyìí, kílò 1 lẹ́ẹ̀kan. Kí n tó po ohunkóhun, mo ń fún páìpù pa, mo ń pa páǹpù, mo sì ń wo géèjì tó ń fi hàn bóyá afẹ́fẹ́ ń wọlé, fún ìṣẹ́jú 30. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá kúrò lójú kan, nǹkan ń jò. Ìdánwò yìí ló gbà mí lọ́jọ́ tí iná lọ nígbà tí rẹ́sìn ti wà lójú ọ̀nà: mo fún páìpù pa, ọ̀rá ò tú, mo ráyè tan jẹnẹrétọ̀.

Jọ̀ọ́, máa wọ ìbọ̀wọ́. Awọ tèmi ti kọ epoxy. Bó bá kán sí mi lára báyìí, ńṣe ló ń wú.

Lọ́la, po 200 gíráàmù èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ, gbé e síbi tí o ti ń ṣiṣẹ́, kí o kọ ìṣẹ́jú tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná sílẹ̀. Sọ ọ́ fún mi, ká jọ wo irú háádínà tí wàá rà.