Ọmọ mi fẹ́ wo ẹyẹ nígbà òtútù: ṣé kí n mú un jáde?

Ìbéèrè: Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù là ń gbé. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, gbọ́ nílé ìwé pé wọ́n máa ń ka iye ẹyẹ ní oṣù kìíní, kò sì jẹ́ ká sinmi mọ́. Lójú tèmi, ẹyẹ ti kó lọ, igi ti wọ́wé tán. Ọ̀sẹ̀ yìí òtútù dẹwọ́ díẹ̀. Ṣé kí n mú un jáde, àbí ká dúró de ìgbà ooru? Ṣé dandan ni kí n ra awò awọ̀nàjíjìn? Ìyá Fẹ́yìí.

Ìdáhùn: Ìyá Fẹ́yìí, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ mú un jáde lọ́sẹ̀ yìí gan-an. Igi tó wọ́wé yẹn ni àǹfààní yín. Nígbà ooru, inú ewé ni ẹyẹ ti ń kọrin. Ọmọdé á na ọrùn títí, á sú u. Báyìí, gbogbo ẹ̀ka ló wà ní gbangba.

Òótọ́ ni pé alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ti sọdá Sàhárà lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń sá fún òtútù tiwọn bọ̀ wá síbí: Iceland àti Scandinavia ni redwing ti ń wá.

Bí ilẹ̀ bá dì gbagidi, ẹyẹ á wá oúnjẹ wá sẹ́yìnkùlé onílé. Bí òtútù bá dẹwọ́, ilẹ̀ á rọ̀, ekòló á sún mọ́ òkè, kòkòrò á máa rìn, ẹyẹ á sì fọ́n ká. Nítorí náà, ẹ má jókòó ti fèrèsé. Ẹ lọ sí páàkì, kí ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ igi. Blackbird ló ń tú ewé gbígbẹ kiri níbẹ̀: akọ dúdú, ẹnu rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, abo rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́, kí ẹ tẹ́tí. Robin ń kọrin jálẹ̀ ìgbà òtútù, takọ tabo, torí kálukú ń ṣọ́ ilẹ̀ tirẹ̀.

Crossness, ọgbà tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹyẹ àti ẹranko, kò jìnnà sí yín, ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ wá little egret níbẹ̀, ìbátan lékeléke wa: ó funfun báláú, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Ọdún 1996 ló kọ́kọ́ pamọ ní Bìrìtìkó, ní erékùṣù Brownsea. Ńṣe ni àwọn ọmọ mi ń ju ọwọ́ sí i pé kó fún àwọn ní èékánná funfun, bí a ti ń ṣe nílé. Inú mi dùn dé ìsàlẹ̀ ikùn.

Ẹ jáde láàárọ̀. Oúnjẹ tí ẹyẹ kékeré jẹ lánàá ló fi la òru já, ebi á ti máa pa á. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn fún un, torí ìdúró lójú kan ń jẹ́ kí òtútù wọra.

Ẹ má tíì ra awò. Ojú lásán, ìwé kékeré àti pẹ́ńsù tó.

Ní ti kíka iye ẹyẹ, RSPB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ níbí, ló ń ṣètò rẹ̀ ní ìparí oṣù kìíní, láti 1979. Wákàtí kan péré ni, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè ṣe é ní páàkì. Iye tó pọ̀ jù tí ẹ rí lẹ́ẹ̀kan náà nínú irú ẹyẹ kan ni kí ọmọ kọ sílẹ̀, kó má baà ka ẹyẹ kan lẹ́ẹ̀mejì.