Ẹ Bi Wá: Fìtílà Dìwálì àti Iná Orí Òkè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Oníṣòwò ará Íńdíà kan ní Kútọnù ní kí n mọ 200 fìtílà amọ̀ kéékèèké fún Dìwálì, ọdún ìmọ́lẹ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù. Àwọn tí mo kọ́kọ́ mọ ń mu epo, ìdí wọn sì ń tutù. Kí ni kí n ṣe? (Amọ̀kòkò, Kétu)

Ìyá wa, ẹ kú ọwọ́ lómi. Iṣẹ́ yín kò bàjẹ́ rárá. Amọ̀ tí a kò dán ojú rẹ̀ kò lè ṣàì mu epo, bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn ní Íńdíà. Ńṣe ni wọ́n máa ń rì í sómi fún wákàtí mélòó kan, tàbí kó sùn síbẹ̀ mọ́jú, kí omi lè dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí epo ìbá gbà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á nù ún, wọ́n á sá a kí ojú rẹ̀ gbẹ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kù gììrì: bí omi bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, iná á máa ta pàrà-pàrà títí yóò fi kú. Ẹ sọ ọ́ fún oníbàárà yín nígbà tí ẹ bá ń kó ọjà fún un.

Ibi tí ẹ fi ìka tẹ̀ kí òwú jókòó sí, ẹ má jẹ́ kó rẹlẹ̀ jù, torí òwú á gba ibẹ̀ fa epo dà sílẹ̀. Ṣíbí ìjẹun méjì òróró ti tó fún fìtílà kékeré. Òwú gidi ni kí wọ́n lọ́. Yíyọ́ ni náílọ́ọ̀nù máa ń yọ́. Kí orí òwú yọ bí ìdajì èékánná. Bó bá gùn jù, èéfín dúdú ni yóò máa rú. Òróró yànmọ̀tí ni wọ́n fẹ́ràn ní gúúsù Íńdíà, ṣùgbọ́n òróró ẹ̀pà á jó dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, kẹrosíìnì kò gbọdọ̀ débẹ̀! Gbogbo ojú rẹ̀ ni iná máa ń ràn mọ́.

Ẹni tó ń ra kaṣú wa ní ọjọ́ Dìwálì lòun máa ṣí ìwé owó tuntun. Kí ló dé tí ọjọ́ náà kì í dúró lójú kan? (Àgbẹ̀, Ṣábẹ̀)

Òṣùpá ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Òru tí òṣùpá kò yọ rárá, nínú oṣù Kártik wọn, ni wọ́n ń bọ Lakshmi, abo òrìṣà ọlà, ìdí nìyẹn tí oníṣòwò fi ń ṣí ìwé tuntun. Ní 2023, 12 oṣù kọkànlá ló bọ́ sí. Ní 2025, 20 oṣù kẹwàá. Kì í yí ọdún po bí ààwẹ̀ Ramadan, torí wọ́n máa ń fi oṣù kan kún ọdún wọn ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Ní 2024, ọjọ́ òṣùpá náà bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán 31 oṣù kẹwàá, ó parí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Àwọn kan tanná lónìí, àwọn kan lọ́la. Ẹ bi í kí ẹ tó gbéra.

Ṣé Dìwálì náà ni iná ńlá orí òkè tí mo rí nínú àwòrán? (Akẹ́kọ̀ọ́, Àjàṣẹ́)

Rárá. Karthigai Deepam nìyẹn, nígbà òṣùpá àrànmọ́jú, láàárín oṣù kọkànlá sí ìkejìlá, ní ìlú Tiruvannamalai, ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, ní gúúsù Íńdíà. Shiva ni wọ́n ń bọ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí iná. Ní aago mẹ́rin ìdájí, àwọn àlùfáà á tan fìtílà nínú tẹ́ḿpìlì. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tan ìkòkò bàbà ńlá lórí òkè tó ga ju 800 mítà lọ. Bọ́tà màlúù yíyọ́ tó ń wọ inú rẹ̀ tó nǹkan bí 3,500 kílò. Ọjọ́ mọ́kànlá ló máa ń jó, wọ́n sì máa ń pín èédú ìkòkò náà fún àwọn olùjọsìn lẹ́yìn náà láti fi sí iwájú orí.