Béèrè orúkọ ìlú kí o tó béèrè ìjọba ìbílẹ̀: ìdáhùn fún ẹni tó ń lọ sí ilẹ̀ Anioma

Àbúrò mi, o ní iṣẹ́ ti gbé ọ lọ sí apá àríwá Ìpínlẹ̀ Delta, o sì béèrè bí ọmọ Yorùbá ṣe lè mọ àwọn ìlú àti ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ yàtọ̀ síra, àti bóyá Ìgbò ni gbogbo àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Mo ti lo ohun tó lé ní ogún ọdún ní agbègbè náà. Ọmọ Ilé-Olújì ni mí, nọ́ọ̀sì ni mí, ọmọ Owa, ìlú kan ní agbègbè náà, ni ọkọ mi, Agbor àti Asaba ni mo sì ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti dé ilé ọkọ. Púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ ni mo fi ojú ara mi rí, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì gba odindi ọdún kan lọ́wọ́ ọmọ mi.

Ìpínlẹ̀ Delta, tí wọ́n yọ jáde lára Bendel ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, ní ìjọba ìbílẹ̀ 25. Mẹ́sàn-án nínú wọn ló wà ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Anioma, láti etí Odò Ọya títí dé ààlà Ìpínlẹ̀ Edo. Agbor ni ibùjókòó Ika South; Owa-Oyibu ni ti Ika North East, Umunede, Mbiri àti Igbodo sì wà lábẹ́ rẹ̀. Aniocha North fi Issele-Uku ṣe ibùjókòó, Aniocha South fi Ogwashi-Uku ṣe tirẹ̀, ìyẹn ìlú tí bàbá Ngozi Okonjo-Iweala ti jọba. Asaba wà ní Oshimili South, Akwukwu-Igbo sì ni ibùjókòó Oshimili North. Ní apá ìsàlẹ̀, Kwale ni ti Ndokwa West, Aboh ni ti Ndokwa East, Obiaruku sì ni ti Ukwuani. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó láti kọ́ gbogbo èyí sórí. Èmi náà kọ́ ọ sórí, síbẹ̀ mo ṣìnà, nítorí pé ààlà ìjọba ìbílẹ̀ kì í fi dandan tẹ̀lé orúkọ tí àwọn ará ìlú ń pe ibi tí wọ́n ń gbé.

Boji Boji ló kọ́kọ́ fi èyí hàn mí. Lójú àlejò, ìgboro kan ṣoṣo ni: ọjà, báǹkì, ilé ìjọsìn àti ibùdókọ̀ so mọ́ra wọn, kò sì sí odi tàbí odò tí yóò sọ fún ọ pé o ti kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n apá kan jẹ́ Boji Boji Agbor, tó wà lábẹ́ Ika South, apá kejì sì jẹ́ Boji Boji Owa, tó wà lábẹ́ Ika North East. Apá ti Agbor ni ilé tí a ń gbé wà. Nígbà tí àkọ́bí wa jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, tó sì ń wá owó ìrànwọ́ láti fi kàwé sí i, èmi ni mo bá a jókòó kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti béèrè ìjọba ìbílẹ̀ tí ó ti ṣẹ̀ wá, mo kọ Ika South, nítorí pé ibẹ̀ ni a bí i sí, ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ náà ni a sì ń gbé. Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Warri lọ́sẹ̀ náà, n kò sì pè é láti béèrè.

Nígbà tí wọ́n ní kí ó mú lẹ́tà ìdánimọ̀ wá, Ika South kò lè fún un, nítorí pé agbolé baba ni wọ́n máa ń béèrè, àwọn àgbà agbolé náà ni yóò sì jẹ́rìí pé ọmọ àwọn ni. Agbolé baba rẹ̀ wà ní Owa, nítorí náà Ika North East ni lẹ́tà ti jáde. Ìwé kan wá sọ Ika South, èkejì sọ Ika North East, àwọn tó ń yẹ ìwé wò sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Mo lọ ṣàlàyé títí, kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́. Ọmọ náà kò bá mi jà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lọ́jọ́ tó gbọ́ kò kúrò lọ́kàn mi. Ọdún kan gbáko ló fi dúró kí àyè mìíràn tó ṣí sílẹ̀. Nítorí náà, bí o bá ń kọ ìwé fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀, má ṣe wo ibi tí ilé rẹ̀ wà. Béèrè ìlú baba rẹ̀, kí o sì béèrè àdúgbò àti agbolé pẹ̀lú.

Irú rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ Asaba. Àwọn ilé Okpanam ti so mọ́ ti Asaba débi pé ẹni tó ń bá ọ wá ilé yóò sọ pé Asaba ni, yóò sì gbowó Asaba lọ́wọ́ rẹ. Oshimili North ni Okpanam wà, Ibusa náà wà níbẹ̀. Mo ti rí àwọn òbí tí wọ́n jí lọ sí ilé ìjọba ìbílẹ̀ ní Asaba ní ìdájí, tí wọ́n tò sórí ìlà títí di ọ̀sán, tí wọ́n sì wá gbọ́ pé Akwukwu-Igbo ni ó yẹ kí àwọn lọ. Tún ṣọ́ra fún orúkọ tó jọra. Onicha-Ugbo, Onicha-Olona àti Onicha-Uku wà ní Aniocha North, nígbà tí Onitsha tí gbogbo ayé mọ̀ wà ní òdìkejì odò, ní Ìpínlẹ̀ Anambra. Kọ orúkọ ìlú tán pátápátá. Má ṣe dúró sí “Onicha” tàbí “Issele” lásán.

Ní ti pé ṣé Ìgbò ni gbogbo wọn, fara balẹ̀ gbọ́ mi. Èkó ni mo ti dàgbà, láàárín àwọn oníṣòwò tó wá láti Anambra, mo sì gbọ́ Ìgbò díẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi kọ́kọ́ mú mi lọ sílé, mo kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ ní èdè Ìgbò, mo ní inú mi dùn láti di ìyàwó àwọn Ìgbò. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, “Ìyàwó wa, Ika ni wá.” Wọn kò bínú. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ṣàlàyé fún mi pé èdè Ika àti ti Ìgbò sún mọ́ra, ṣùgbọ́n oyè Dein ni ọba Agbor ń jẹ, ọ̀pọ̀ àṣà ààfin wọn sì jọ ti Benin. Wọ́n tún rán mi létí ohun tí èmi ọmọ Yorùbá kò mọ̀, pé kí wọ́n tó dá Agbègbè Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn sílẹ̀ ní ọdún 1963, Ìbàdàn ni olú-ìlú àwọn náà, àbúrò wọn wà lára àwọn tó jẹ àǹfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, Dennis Osadebay ọmọ Asaba sì ti ṣe olórí ẹgbẹ́ alátakò nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn kí ó tó di olórí ìjọba agbègbè tuntun náà.

Mo gba ẹ̀kọ́ yìí, mo sì gbé e lọ sí ibi tí kò yẹ. Nígbà tí wọ́n gbé mi lọ sí Asaba, mo sọ fún obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé ẹ̀yin ará Anioma kì í kúkú ṣe Ìgbò. Ó gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ fún mi pé ní oṣù kẹwàá ọdún 1967, nígbà ogun abẹ́lé, àwọn ará Asaba wọ akwa ocha, aṣọ òfì funfun tí wọ́n ń hun níbẹ̀, wọ́n jáde pẹ̀lú orin àti ijó láti pàdé àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, wọ́n ń pariwo pé Nàìjíríà kan ṣoṣo ni àwọn fẹ́. Àwọn ọmọ ogun ya ọkùnrin àti ọmọdékùnrin sọ́tọ̀, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n ní Ogbe-Osowa ní ọjọ́ keje oṣù náà. Bàbá obìnrin náà wà lára àwọn tí wọ́n pa. Ó ní, “Nítorí pé Ìgbò ni wọ́n ni wọ́n ṣe pa wọ́n. Ta ni yóò wá sọ fún mi lónìí pé bàbá mi kì í ṣe Ìgbò?” Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì tún padà lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Láti ọjọ́ náà, n kì í fún ẹnikẹ́ni ní orúkọ ẹ̀yà mọ́ ní ilẹ̀ yìí. Mo máa ń béèrè ìlú wọn, mo sì máa ń dúró kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n jẹ́. Nínú Ika àti Ukwuani, o lè bá ọmọ ìyá méjì tí ọ̀kan ní Ìgbò ni òun, tí èkejì sì ní òun kì í ṣe Ìgbò.

Àwọn ìlú kan tilẹ̀ wà láàárín wọn tí èdè abínibí wọn jẹ́ òmíràn. A lọ fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Ugbodu, ní Aniocha North, mo sì gbọ́ tí àwọn ìyá àgbà méjì ń sọ̀rọ̀ ní ẹ̀yìn mi. Mo rò pé ará Ọ̀wọ̀ kan ló bá wa wá. Mo dá sí i ní Yorùbá, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n sì dá mi lóhùn, a sì ń gbọ́ra wa lágbọ̀ọ́yé díẹ̀díẹ̀. Olukumi ni wọ́n ń pe èdè náà, wọ́n ń sọ ọ́ ní Ukwu-Nzu pẹ̀lú. Ìtàn wọn sọ pé apá Ọ̀wọ̀ àti Àkúrẹ́ ni àwọn ti wá, oyè ọba Ugbodu sì ni Oloza. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé orúkọ kan náà ni pẹ̀lú Lucumí tí wọ́n ń pe àwọn ènìyàn wa ní Kúbà. Ojú mi kún fún omi lọ́jọ́ náà, nítorí pé mo ti lo ọdún mẹ́jọ ní agbègbè yìí láìmọ̀ pé wọ́n wà. Bákan náà ni Ebu, ní Oshimili North, ń sọ Igala, nígbà tí Igbanke tó ń sọ èdè Ika wà ní òdìkejì ààlà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Orhionmwon ti Ìpínlẹ̀ Edo.

Ìwọ kàn kọ pé “Ndokwa” ni wọ́n gbé ọ lọ, ìyẹn kò sì tó. Bí ó bá jẹ́ Kwale ni, ọ̀nà ọkọ̀ yóò gbé ọ débẹ̀ láìsí wàhálà. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ Aboh ni, etí Odò Ọya ni, omi sì máa ń kún bo ilẹ̀ ibẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Ìkún omi ọdún 2012 lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé wọn níbẹ̀. Tún lẹ́tà rẹ wò, kí o sọ orúkọ ìlú tó wà nínú rẹ̀ gan-an fún mi, kí n lè sọ ọ̀nà tí o máa gbà àti oṣù tó yẹ kí o kó ẹrù rẹ lọ.