Jẹjẹrẹ eegun: ọdún mélòó ló kù fún ọmọ mi?

Ẹ BI WÁ, Ẹ GBỌ́ ÈSÌ

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 15, ni òkè orúnkún rẹ̀ ti ń wú láti oṣù 4 sẹ́yìn. A rò pé ibi bọ́ọ̀lù ló ti fi ṣèṣe. Bàbá kan tó ń to eegun ládùúgbò ń fi òrí wọ́ ọ, ńṣe ló ń le sí i, kì í sì í jẹ́ kí ọmọ sùn lóru. Wọ́n ya X-ray rẹ̀ ní ọsibítù eegun ní Igbóbì, wọ́n ní ó jọ osteosarcoma, irú jẹjẹrẹ eegun kan, pé kí a ṣe MRI, CT àyà (àwọn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara), kí wọ́n sì mú ẹran díẹ̀ lára kókó náà fún àyẹ̀wò. Aládùúgbò wa kan ní ẹni tó bá ní in kì í lo ọdún kan. Ọdún mélòó ló kù fún ọmọ mi? Ṣé dandan ni kí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀?* (Ìyá ọmọ, Mushin)

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ohun tí aládùúgbò yín sọ kì í ṣe òótọ́, ẹ má jẹ́ kó gbé yín lọ́kàn. Kò sí dókítà tó lè ka ọdún fún ọmọ kan ṣoṣo. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni ìṣirò lórí ọ̀pọ̀ aláìsàn: nínú 100, mélòó ló ṣì wà láyé lẹ́yìn ọdún 5? Ní Amẹ́ríkà, bí osteosarcoma kò bá tíì kúrò nínú eegun tó ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n lé ní 70. Bó bá ti dé ẹ̀dọ̀fóró kí wọ́n tó rí i, wọ́n á tó bíi 25 sí 30. Ohun tó ń fa iye yẹn wálẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni pé a máa ń pẹ́ kí a tó dé ọsibítù, a sì máa ń dá ìtọ́jú dúró lágbede méjì. Ọwọ́ yín ṣì lè ká ìkejì yẹn.

Ìdí tí wọ́n fi ní kí ẹ ṣe CT àyà ni láti mọ̀ bóyá ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀dọ̀fóró ni àìsàn yìí kọ́kọ́ máa ń sá lọ. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, gígé ẹsẹ̀ nìkan ni ìtọ́jú tó wà, àwọn tó ń yè é kì í sì í tó 20 nínú 100, nítorí pé irúgbìn kéékèèké tí ojú ẹ̀rọ kò lè rí ti wọ ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀ wọn kí wọ́n tó gé e. Kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ló ń wá irúgbìn yẹn kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ láìgba kímò, ìdajì ìtọ́jú ló gbà.

Lónìí yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n dáwọ́ wíwọ́ rẹ̀ dúró. Kókó náà ti ń jẹ eegun, eegun náà kò lágbára mọ́. Bó bá ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú ẹran á gbé àìsàn náà kiri inú itan, ẹsẹ̀ tí wọn ì bá tún ṣe lè wá di èyí tí wọ́n máa gé. Ẹ ra ọ̀pá ìtìlẹ̀ méjì fún un, kó má fi ẹsẹ̀ yẹn tẹ ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí MRI ṣáájú mímú ẹran. Kí wọ́n ya gbogbo eegun itan láti ìbàdí dé orúnkún, nítorí àìsàn náà lè fo apá kan kó tún fìdí kalẹ̀ lókè. Dókítà eegun tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ gan-an ni kó pinnu ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà wọlé. Ojú ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ gbà yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ gé e kúrò pẹ̀lú kókó náà. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ jù: ilé ìwòsàn kékeré á rò pé ọyún ló gbá jọ, wọ́n á là á gbọọrọ, gbogbo ibi tí ọ̀bẹ dé á wá di ibi tí a ní láti gé sọnù.

Kí kímò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò, torí doxorubicin, ọ̀kan nínú oògùn kímò, lè ba ọkàn jẹ́. Kí wọ́n yẹ kíndìnrín àti etí wò, torí cisplatin, oògùn kímò kejì, lè ba àwọn náà jẹ́. Ẹ tún bèèrè bí wọ́n ṣe lè fi àtọ̀ rẹ̀ pamọ́. Ó lè tì yín lójú, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 15 lè fẹ́ bímọ lọ́la, bí kímò bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ó lè ti pẹ́ jù. Oògùn kẹta ni methotrexate olópọ̀. A kì í fún ọmọ níbi tí wọn kò bá ti lè wọn iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́. Nírú ibẹ̀, doxorubicin àti cisplatin ni wọ́n máa ń lò, lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta síra wọn.

Bó ṣe sábà máa ń lọ rèé: kímò fún bí ọ̀sẹ̀ 10, iṣẹ́ abẹ, kímò mìíràn. Gbogbo rẹ̀ á tó oṣù 7 tàbí 8. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ béèrè pé ìdá mélòó nínú kókó náà ló ti kú. Bó bá tó 90 nínú 100, ọjọ́ iwájú dára sí i.

Lẹ́yìn kímò kìíní tàbí ìkejì, ìrora á rọlẹ̀, wíwú á dín kù. Nígbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń sọ pé ó ti san, owó náà á sì ti tán, wọn ò ní padà. Ẹ jọ̀ọ́, kò tíì san. Láti ọjọ́ kìíní ni kí ẹ ti lọ rí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ìṣòro àwọn aláìsàn ní ọsibítù, ẹ má dúró dìgbà tí owó bá tán. Ẹ ra tẹmómítà. Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38°C lẹ́yìn kímò, òru ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá kòkòrò jà ti lọ sílẹ̀, ẹ má fi àgbo tàbí Panadol dúró de àárọ̀.

Ní ti ẹsẹ̀: gígé kì í ṣe dandan fún gbogbo ènìyàn. Bí dókítà bá lè yọ kókó náà pẹ̀lú ẹran tó mọ́ yí i ká, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kò sì sí nínú rẹ̀, wọ́n lè fi irin rọ́pò eegun. Irin yẹn wọ́n gan-an. Bí wọ́n bá ní gígé ló dára jù, ẹ má sá kúrò ní ọsibítù. Bí wọ́n bá yọ kókó náà mọ́ tónítóní, ẹni tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kú ṣáájú ẹni tí wọ́n fi irin sí. Wọ́n ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ní Igbóbì, ọmọ tí ara rẹ̀ yá á padà sí iléèwé.

Tí ìtọ́jú bá parí, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni kí wọ́n máa ya àyà rẹ̀ fún ọdún 2, torí nínú ọdún 2 sí 3 àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ èyí tó máa padà ti ń padà. Bí wọ́n bá rí kókó díẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n lè yọ wọ́n, àwọn kan sì ti yè é bẹ́ẹ̀.

*Bàbá mi, ẹni ọdún 68, ní jẹjẹrẹ próstéètì. Wọ́n ní ó ti wọ eegun ẹ̀yìn. Àbúrò mi ní kò sí ohun tí a ń ná owó lé mọ́, pé ó ti di jẹjẹrẹ méjì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?* (Òǹkàwé, Ìsàlẹ̀ Èkó)

Rárá o. Jẹjẹrẹ kan náà ni, inú eegun ló lọ gbé. Oògùn próstéètì ni wọ́n máa fi tọ́jú rẹ̀. Lóòótọ́, kì í sábà lọ pátápátá mọ́, ṣùgbọ́n nínú àwọn tó bá gba ìtọ́jú hómóònù, nǹkan bí ìdajì ló ń kọjá ọdún 3, bí wọ́n bá sì fi oògùn bí abiraterone kún un, ó lè kọjá 4. Bí abẹ́rẹ́ hómóònù oṣooṣù bá wọ́n jù, yíyọ kórópọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ìrora: ìtànṣán ẹ̀ẹ̀kan péré, 8 Gy (Gy ni òṣùwọ̀n ìtànṣán), lè mú un rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ lè bèèrè ní ibùdó jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà. Bí wọ́n bá kọ morphine mímu, oògùn ìrora tó lágbára, ẹ fún bàbá ní àsìkò rẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí ìrora bá tún padà dé. Kò ní di bárakú fún wọn. Àìrígbẹ́yà ló máa dé, ẹ gba oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà. Bí wọ́n bá fẹ́ fa zoledronic acid, oògùn tó ń fún eegun lágbára, sí wọn lára kí eegun má baà ṣẹ́, 4 mg ni, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ kíndìnrín àti eyín bàbá wò.

Bí ẹsẹ̀ bàbá bá ṣàdédé rọ, tó kú tìpiri, tàbí wọn kò lè tọ̀, ẹ má dúró de àárọ̀. Kókó ti ń tẹ okùn iṣan tó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn nìyẹn. Ẹsẹ̀ tó ti kú tán kì í sábà jí mọ́.

*Ọmọ mi ní fòníkú-fọ̀ladìde, eegun sì máa ń dùn ún. Báwo ni màá ṣe mọ̀ bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ?* (Ìyá Ìbejì, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta)

Ìrora fòníkú-fọ̀ladìde máa ń dé, á sì lọ, ó sì lè yí ibi padà. Ti jẹjẹrẹ máa ń dúró sójú kan, ó ń le sí i, ó ń jí ọmọ lóru, kókó líle á sì máa hù níbẹ̀. Bí ara bá gbóná, ó lè jẹ́ kòkòrò ló wọ inú eegun, èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn ju jẹjẹrẹ lọ. Bí ojú kan bá ti dùn ún ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó sì wú, ẹ gba X-ray: kí wọ́n yà á láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́, láti oríkèé kan dé èkejì.