Ẹni tí wọ́n fẹsẹ̀ gbá lórí, tí inú rẹ̀ ò dùn mọ́: ìdáhùn fún àbúrò mi tó ń ṣe tàékúndò

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ tán. O ní láti ìgbà tí wọ́n ti fẹsẹ̀ gbá ọ lórí níbi ìdíje, oorun ò kun ojú rẹ mọ́, ọ̀rọ̀ tí ò tó nǹkan lo fi ń jágbe mọ́ àwọn ará ilé, ibi ìdánrawò ò wù ọ́ lọ, kóòṣì rẹ sì ní ojo ló ń ṣe ọ́. O wá ń béèrè bóyá orí rẹ ló fẹ́ dàrú.

Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ojo. Tí ẹsẹ̀ bá ba orí dáadáa, ọpọlọ á mì nínú agbárí. Àwọn dókítà ń pè é ní concussion, kò sì dìgbà téèyàn bá dákú kó tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀fọ́rí àti òòyì ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn. Ìyókù ni wọn kì í sọ fún wa: àìróorunsùn, inú fùfù, ẹkún tí ò nídìí, ariwo tó ń gún etí, kéèyàn máa kàwé kó má wọlé, kí ohun tó ń múnú ẹni dùn tẹ́lẹ̀ má dùn mọ́. Wo iye tó jẹ́ ti ọkàn níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sọ pé ìwà èèyàn ló yí padà, nígbà tó jẹ́ pé orí ló fara gbọgbẹ́.

Ó ṣe èmi náà rí. Ọmọbìnrin tí a jọ ń jà yí po, gìgísẹ̀ rẹ̀ bà mí lókè etí. Mi ò ṣubú. Mo parí ìjà náà, mo tẹríba fún un, mo wọkọ̀ wá sí Ìkòròdú, mo jẹun. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo lọ ra ewédú ní Sábó. Ìyá tó ń tà á fún mi ní ṣéńjì, mo bá dúró síbẹ̀, mò ń wo náírà lọ́wọ́ mi, igba, igba, àádọ́ta, mi ò mọ̀ bóyá ó pé. Mo kà á, mo tún un kà. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìyá yẹn ló gba owó náà padà, tó kà á sí mi lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi, ìró rẹ̀ wọ̀ mí lágbárí, mo pariwo mọ́ ọn débi pé ó sá lọ bá bàbá rẹ̀. Mo wọ yàrá, mo sunkún.

Ní ilé ìwòsàn tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n ya àwòrán orí mi, wọ́n ní ó mọ́ tónítóní. Gbogbo ilé bá di ọ̀rọ̀ yẹn mú: dókítà ní kò sí nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú orí, tàbí egungun tó fọ́, ni wọ́n ń fi àwòrán yẹn wá, concussion kì í sábà hàn nínú rẹ̀. Jọ̀ọ́, bí tìrẹ náà bá mọ́, má jẹ́ kí ẹnì kankan fi pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Ìyá ọkọ mi gbé òróró wá, wọ́n gbàdúrà fún mi, mo ṣe àmín tọkàntọkàn. Àdúrà dára. Kò ní kéèyàn má lọ rí dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Apá tó tẹ̀ lé e ló wúwo jù. Ẹ̀fọ́rí lọ, ọkàn mi ò bá a lọ. Ní àdúgbò wa, "Àǹtí Kàráté" ni tọmọdé tàgbà ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tàékúndò ni mò ń ṣe. Tó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ara mi á máa wá ibi ìdánrawò. Dobok mi, aṣọ tí a fi ń jà, wà lórí ìkọ́, mi ò lè wò ó. Tí wọ́n bá fi fọ́tò ìdíje sórí WhatsApp, mo máa ń pa fóònù. Tí mi ò bá lè jà mọ́, kí ni mo kù fún? Ó burú débi pé tílẹ̀ bá mọ́, mo máa ń rò ó pé ì bá sàn kí n má jí. Èyí ti kọjá orí tí wọ́n gbá. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú tirẹ̀.

Àǹtí mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló mú mi lọ sí Yábà, ilé ìwòsàn àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ. Mo mọ bí orúkọ yẹn ṣe máa ń rí létí wa; láti 1907 ni ibẹ̀ ti wà, ẹ̀rù àwọn ọdún àtijọ́ ṣì wà lọ́kàn àwọn èèyàn. Àwọn tí mo bá níbi tí a jókòó sí ni ọkùnrin kan tó so táì, obìnrin kan tó pọnmọ, àti ọmọ iléèwé gíga kan tó ń kàwé. Dókítà bi mí nípa oorun, nípa oúnjẹ, ó wá bi mí tààrà bóyá mo ti ń rò ó láti gbẹ̀mí ara mi. Ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ òótọ́ fún un. Oògùn àti ìjókòó sọ̀rọ̀ lóòrèkóòrè ló gbé mi dìde, díẹ̀díẹ̀.

Bí kóòṣì rẹ bá ní àwọn tó lágbára kì í ní irú èyí, bi í léèrè ta ló lágbára tó Tyson Fury tó ń kan ẹ̀ṣẹ́. Ó na Klitschko, abẹ̀ṣẹ́ bíi tirẹ̀, ní November 2015, ó gba bẹ́líìtì àgbáyé, kò pé ọdún kan tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ọtí fi dá a dùbúlẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ àwọn bẹ́líìtì náà ní 2016. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba. Ó gba ìtọ́jú, ó padà sójú ìjà ní 2018, ó tún gba bẹ́líìtì ní 2020. Ní November 2015 kan náà ni Holly Holm fẹsẹ̀ gbá Ronda Rousey lórí tó fi ṣubú, obìnrin tó ń ja ìjà UFC ni àwọn méjèèjì. Rousey sọ lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún tó tẹ̀ lé e pé lẹ́yìn ìjà yẹn, òun rò ó láti pa ara òun.

Àwa kóòṣì gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Nínú ìdíje wa, ẹsẹ̀ sí àyà jẹ́ pọ́ìntì 2, ẹsẹ̀ sí orí jẹ́ 3, tí èèyàn bá yí po kó tó gbá orí, ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí ni gbogbo ọmọ ń wá. Akoto tí a ń dé kì í sábà jẹ́ kí orí bẹ́ tàbí kí egungun fọ́, ṣùgbọ́n kò dá ọpọlọ dúró kó má mì. Ojoojúmọ́ ni a ń jẹ́ kí àwọn ọmọ ka ìlànà márùn-ún: ìbọ̀wọ̀fúnni, òtítọ́, ìfaradà, ìkóra-ẹni-níjàánu, ọkàn akin. Ìfaradà nìkan la wá ń tẹ̀ mọ́ wọn létí. Ọmọ tó bá sọ pé orí ń fọ́ òun, òtítọ́ ló sọ, ó yẹ ká yìn ín.

Ìwọ, má bá ẹnikẹ́ni jà báyìí, ì báà jẹ́ ìjà ìdánrawò. Kí èèyàn tún gbá orí tí kò tíì san léwu gan-an. Ọjọ́ kan sí méjì àkọ́kọ́ ló yẹ kéèyàn fi sinmi, kó dín fóònù kù. Lẹ́yìn ìyẹn, ìrìn díẹ̀ láàárọ̀ sàn ju kéèyàn ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá ṣókùnkùn lọ. Tí ìrìn ò bá mú ẹ̀fọ́rí tàbí òòyì wá, sáré díẹ̀. Tí ìyẹn náà bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ṣe poomsae, ìyẹn ìgbésẹ̀ ìjà tí èèyàn ń dá ṣe, láìfi ara kan ẹnikẹ́ni. Ó kéré tán, ọjọ́ kan ló yẹ kó wà láàárín ìpele kan àti èkejì. Tí ẹ̀fọ́rí tàbí òòyì bá padà, sún sẹ́yìn. Ìjà ló gbẹ̀yìn, dókítà ló sì máa sọ ìgbà.

Mo bẹ̀ ọ́, má fọwọ́ kan tramadol. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọkùnrin máa ń fún ara wọn ní ibi ìdánrawò. Ó lè fa gìrì, pàápàá fún ẹni tí orí rẹ̀ ti fara gbọgbẹ́. Má fi ọtí wá oorun, má sì lọ ra oògùn oorun fúnra rẹ ní kẹ́mísìtì. Ìdíje tó ń bọ̀ tí o ní wọ́n fẹ́ kí o tìtorí rẹ̀ dín ìwọ̀n ara rẹ kù, yọ orúkọ rẹ kúrò. Ebi àti òùngbẹ á tún ba ọkàn rẹ jẹ́ sí i ni.

Tó o bá ń bì léraléra, tí ẹ̀fọ́rí ń le sí i, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan ń kú, tí gìrì mú ọ, tàbí tó ṣòro láti jí ọ, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn, kódà bó jẹ́ òru. Bákan náà ni tí èrò kí o pa ara rẹ bá wá. Sọ fún ẹnì kan lójú ẹsẹ̀, má dá wà. Àwọn kan ń bẹ̀rù ọlọ́pàá nítorí èyí, àmọ́ òfin ìwà ọ̀daràn ìpínlẹ̀ Èkó láti 2011 ti ní ilé ìwòsàn ni kí ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ.

Má sì yọ ara rẹ kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Èmi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Sátidé, mò ń kọ pọ́ìntì, mò ń so bẹ́líìtì fún wọn. Ibẹ̀ ni mo ti tún rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ yìí, lọ sí General Hospital Ìkòròdú láàárọ̀, kó o tètè gba káàdì. Kọ ọjọ́ tí wọ́n gbá ọ àti gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láti ìgbà náà sórí bébà, kó o sì mú ẹnì kan dání nínú ilé, torí àwọn ló rí ọ nígbà tí o ń jágbe. Tí wọ́n bá kọ̀wé pé kí o lọ sí Yábà, wọ BRT, sọ̀ ní Fádéyí, kí o wọkọ̀ mìíràn láti ibẹ̀. Ti kóòṣì rẹ, fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Màá pè é fúnra mi.